Ẹnu Dùn Ún Ròfọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdájọ́ Òdodo Inú Ìwé

Gbólóhùn kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ létí mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ ẹnì kan lọ sí àtìmọ́lé, tí ìyá rẹ̀ ń sunkún kiri, ẹnì kan á jókòó, á na ẹsẹ̀, á ní: "Ẹ jẹ́ kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀rù kí ló ń bà á?" Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n mú ọmọ aládùúgbò wa. Ẹni tó sọ ọ́ kàwé, àgbà ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Inú bí mi débi pé mi ò rí èsì fọ̀. Ó dìgbà tí mo délé kí èsì tó dé, òun ni mo sì jókòó kọ yìí.

Àwọn baba wa ní ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ẹni tó ń fẹnu rofọ́ kò fẹ́ná, èéfín kò ta á lójú. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lásán ṣánko kò bá kùkùté pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdájọ́ òdodo rí lórí ìwé.

Ìwé kò kúkú ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1215, àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fipá mú Ọba John kó lu òǹtẹ̀ ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Magna Carta. Ó wà nínú rẹ̀ pé ọba kò ní ta ẹ̀tọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò ní fi du ẹnikẹ́ni, kò sì ní fi falẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé gbogbo ènìyàn ló dọ́gba níwájú òfin, àti pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí tí ilé ẹjọ́ yóò fi rí ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ẹ̀fọ́ ti jinná lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìkòkò wò.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2010, ní ìlú New York, wọ́n mú ọmọ ọdún 16 kan tó ń jẹ́ Kalief Browder. Wọ́n ní ó jí báàgì kan. Ó ní òun kò jí i. Adájọ́ fi béèlì rẹ̀ sí 3,000 dọ́là, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì rí i san. Bó ṣe dèrò ẹ̀wọ̀n erékùṣù Rikers nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ inú yàrá lóun nìkan fún nǹkan bí ọdún méjì nínú rẹ̀. Láti ọdún 1791 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ẹjọ́ bá pé, agbẹjọ́rò ìjọba á ní àwọn kò tíì múra tán, wọ́n á sì dá ọmọ náà padà sí àhámọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ìgbà tí wọ́n gbé e dé kóòtù. Wọ́n ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kó lè máa lọ sílé, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún rárá títí tó fi parí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni.

Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀rù kí ló ń bà á?

Ọ̀daràn tó lówó ì bá ti sùn sórí ibùsùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un. Òfin kan náà ni o. Kò sí adájọ́ kankan tó pàṣẹ pé kí olówó máa lọ, kí tálákà dúró. Iye tí wọ́n dá dọ́gba, àpò àwọn tó fẹ́ san án ni kò dọ́gba. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́, torí ìdájọ́ kì í sábà bàjẹ́ nínú gbólóhùn ńlá tí wọ́n kọ sínú òfin. Inú nǹkan kéékèèké ló ti ń bàjẹ́: owó ọkọ̀, fáìlì tó sọnù, ọjọ́ tí wọ́n sún síwájú.

Mo mọ bàbá kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, tí ilé iṣẹ́ tó bá ṣe jẹ lówó oṣù mẹ́rin. Lọ́yà wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre." Òótọ́ sì ni. Wọ́n dé kóòtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ kò wá. Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà ilé iṣẹ́ kọ̀wé pé ara òun kò yá. Lọ́jọ́ kẹta, wọn kò rí fáìlì. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé ẹjọ́ fún adájọ́ tuntun, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá yìí bá lọ, yóò pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, yóò tún wọ ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ní ọdún kejì, ó jókòó, ó fi bírò ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìpẹ̀jọ́ náà. Ohun tó ti ná ju ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ. Kò lọ mọ́. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ẹjọ́ ọ̀hún torí pé olùpẹ̀jọ́ kò yọjú. Mo fojú mi rí ìwé tó fi ṣírò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n níbi tó ti fà á nídìí. Títí dòní, nínú àkọsílẹ̀ kóòtù, ilé iṣẹ́ yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ẹlòmíràn á ní torí pé ó dá nìkan jà ni. Àwọn tí kò dá nìkan jà ńkọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1999 sí 2015, àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n dá lẹ́bi lé ní 900, torí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon sọ pé owó kò pé lọ́wọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ní ènìyàn ni kò jẹ̀bi títí a ó fi rí ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Níbo ni ẹni tó ń ta sítáǹbù lẹ́yìn káńtà ti fẹ́ rí ẹ̀rí inú ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Nígbà tí 555 nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn pawọ́ pọ̀ pẹjọ́, wọ́n borí lọ́dún 2019, wọ́n sì fún wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 58 pọ́n-ùn. Owó ẹjọ́ gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ló kù tí gbogbo wọn pín.

Òwe mìíràn ló wá gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé òtítọ́ ni àwọn àgbà ń kẹ́dùn fún. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé àwọn ará ọjà ni wọ́n ń bá wí.

Òfin Japan ti ọdún 1947 kà á léèwọ̀ láti fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni kí wọ́n sì fi dá a lẹ́bi. Lọ́dún 1966, wọ́n pa ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Wọ́n mú Iwao Hakamada, òṣìṣẹ́ ọkùnrin náà, tó ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò rí. Wọ́n da ìbéèrè bò ó lọ́sàn-án lóru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ó fi ní òun ló ṣe é. Nígbà tó dé kóòtù, ó sẹ́, ó ní ìyà ni wọ́n fi jẹ òun. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un lọ́dún 1968. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, Norimichi Kumamoto, gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù borí rẹ̀, òun náà ló sì wá kọ ìdájọ́ ikú ọ̀hún sílẹ̀. Ọdún 2007 ni ó tó sọ ọ́ síta. Òtítọ́ wà nínú yàrá àwọn adájọ́ gan-an, ó kùtà níbẹ̀ fún ọdún 39.

Ẹ̀gbọ́n Hakamada obìnrin, Hideko, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Lọ́dún 2014 wọ́n tú arákùnrin rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó dá a láre, tó sì ní ayédèrú ni ẹ̀rí tí àwọn agbófinró kó wá. Ó ti di ẹni ọdún 88. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣírò owó gbà-máà-bínú fún un ní 12,500 yẹ́ẹ̀nì lójúmọ́ kan, ó sì lé ní mílíọ̀nù 217 lápapọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú nínú yàrá àwọn tó ń dúró de ikú tipẹ́tipẹ́ kí owó náà tó dé.

Mi ò ní ká fa ìwé òfin ya. Lọ́dún 1961, ní Florida, Clarence Gideon, ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, bẹ adájọ́ pé kí wọ́n fún òun ní lọ́yà torí òun kò lówó, adájọ́ ní òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti ẹ̀wọ̀n fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1963, ilé ẹjọ́ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n tún ẹjọ́ ọ̀hún gbọ́, lọ́yà dìde fún un, ó sì jàre. Ẹ̀sùn yẹn náà ni, ọkùnrin yẹn náà sì ni. Ẹnì kan tó dìde bá a sọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin adájọ́ tí ẹ ń sún ẹjọ́ bí ẹni sún àga, ẹ wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín kí ẹ tó dá oṣù mẹ́ta mìíràn. Oṣù mẹ́ta yín kọ́. Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ ti da ẹ̀yìn kọ yín, tí ẹ wá ń fi ọjọ́ pa ẹni tí ẹ kò lè fi òfin mú, ìkà lẹ̀ ń ṣe, bí kóòtù tilẹ̀ gbà á láyè. Àwa yòókù ńkọ́, àwa ará ọjà? Bí ó bá kan ọmọ wa, a mọ ẹni tí a ó pè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá kan ọmọ ẹlòmíràn, a ó rántí òfin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ìyá kan bá ń sunkún níwájú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ wo ni wọ́n mú un? Ṣé ó ti fojú kan adájọ́? Èló ni béèlì, ta ni yóò sì dúró fún un? Ọjọ́ wo ni ẹjọ́ tún máa wáyé, ká jọ lọ? Ẹni tí kò bá lè béèrè ìyẹn, kó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin, kó má fi ìwé tí kò kà bo ojú àánú tí kò ní.

Mo ń lọ bá àgbà tó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nílé lálẹ́ òní. Mo fẹ́ kó tẹ̀ lé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọ̀la, torí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀, wọn kò mọ̀ mí. Ọmọ náà ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.