Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ojú Kì í Ṣe Ibi Ìsinmi fún Dókítà

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí dókítà àgbà kan ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lọ di dókítà ojú, nítorí pé kò sí ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ju kí aláìsàn ka lẹ́tà ara ògiri, kí á sì kọ gíláàsì fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì ti sú mi í gbọ́. Kíníkì àárọ̀ nìkan ni wọ́n yọjú sí tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ yìí. Inú West African College of Surgeons, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ẹ̀ka wa wà. Nígbà tí a bá ń yọ cataract, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tí kò mọ́ gaara mọ́, awọ ẹ̀yìn lẹ́ǹsì náà tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láìya, tí lẹ́ǹsì tuntun yóò jókòó lé, kò nípọn ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Aláìsàn sì sábà máa ń wà lójúfò, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, nítorí pé ojú nìkan ni a fún ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora. Mo jókòó ti ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan tí awọ náà ya. Kò pariwo, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré àti fóòmù tó ń fa omi, ó ń gé omi kíki inú ẹyinjú tó ń tú síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ojú náà fi mọ́.

Ẹni tó ní kò sí pàjáwìrì lọ́dọ̀ wa kò tíì rí ọmọléèwé tí pàṣán olùkọ́ ya ẹyinjú rẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ rán an. Bí símẹ́ǹtì tútù bá ta sí ènìyàn lójú, omi ni à ń kọ́kọ́ dà sí i kí á tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí funfun ń tàn ní àárín ẹyinjú rẹ̀ lè ní jẹjẹrẹ retinoblastoma, tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè ni ojú wọn fọ́. Cataract ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà, glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ló sì tẹ̀ lé e. Gíláàsì kò wo ìkankan nínú méjèèjì.

Òótọ́ ni pé ìpè òru wa kò pọ̀ tó ti àwọn agbẹ̀bí. N kò ní jiyàn ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá òun mu, kí ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ó bẹ̀bẹ̀ láti fi ojú sí awò kejì máíkírósíkóòpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì wò ó bóyá òun lè jókòó tì í láìkánjú. Kí ó tún lọ sí kíníkì glaucoma, níbi tí à ń sọ fún aláìsàn pé ìríran tó ti lọ kò ní padà mọ́, pé ìyókù ni òògùn tí yóò máa kán sójú lójoojúmọ́ wà fún. Ẹni tí kò bá lè fi sùúrù sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ fà lọ́wọ́ wá, kí ó wá ẹ̀ka mìíràn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dúró tó nídìí iṣẹ́ abẹ.