Ìgbà tó ń fò nítorí ọmọ, ta ló ní kó jókòó?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Lele, nílùú Ìlọrin níbí, ẹ̀gbọ́n kan fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n bí ní 1975 sáré tete, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu pátákó tó ń ta èèyàn sókè, ó fi ọwọ́ kan tábìlì gíga tó wà níwájú rẹ̀, ó ta òkìtì lófuurufú, ó balẹ̀. Gbogbo wa hó yèè. Ariwo yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ní: "Kí ni ìyá yìí tún ń wá kiri? Àbí kò lọ́mọ ni? Kó lọ jókòó jàre." Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí. Láti ọjọ́ yẹn ni orí tí mo mì yẹn ti ń dùn mí.

Ó lọ́mọ. Oksana Chusovitina lorúkọ obìnrin náà, eléré jimnásíìkì, ìyẹn eré òkìtì títa, ọmọ ìlú Bukhara ní Uzbekistan, ní ilẹ̀ Éṣíà, ni. Alisher lorúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, 1999 ló bí i. Ọmọ náà ṣì kéré gan-an ní 2002 nígbà tí àwọn dókítà sọ pé àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Àwọn olùkọ́ni kan ní Cologne, ní Jámánì, ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn eléré jimnásíìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, òun náà ń lọ láti ìdíje kan sí òmíràn, owó ẹ̀bùn tó bá gbà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń lọ tààrà. Ní 2003 ó gba wúrà àgbáyé nídìí fífò orí tábìlì. Nígbà tó di 2006, Jámánì ló ń ṣojú fún. Ní Beijing, ní 2008, ó ti pé ẹni ọdún 33 nígbà tó gba fàdákà Òlíńpíìkì. Ara ọmọ náà sì dá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Gbogbo ayé ló ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà. Abiyamọ tòótọ́ ni wọ́n ń pè é. Orúnkún kan náà ló fi ń balẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju ti àwọn tó ń bá a díje lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó. Ìgbà tí ọmọ yè, tó wá ní òun ṣì fẹ́ máa fò nítorí pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ìgbà yẹn ni a wá rántí pé ó ti dàgbà. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Tí obìnrin bá ń fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, akọni ni. Tó bá ní òun fẹ́ nǹkan fún ara òun, kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ń wá òkìkí ni. Ó ti gba wúrà Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992, nínú ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Sófíẹ́tì àtijọ́ para pọ̀ ṣe nígbà tí Sófíẹ́tì ti túká. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló lọ sí Òlíńpíìkì, láti 1992 dé ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021. Àwọn ìdárà kan wà nínú ìwé òfin eré náà tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ dòní. Ní Tokyo, kò sí èrò ìwòran nítorí Kòrónà, àmọ́ àwọn eléré ẹgbẹ́ rẹ̀ àtàwọn olùkọ́ni dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, òun náà ń sunkún. Ó ní ó tán. Kò tán. Kò tíì gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan fún Uzbekistan, tó ti padà máa ń ṣojú fún lẹ́yìn Jámánì, ìyẹn ló gbé e padà. Ní ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní Hangzhou ní 2023, ipò kẹrin ló wà nídìí tábìlì. Ìpalára ni kò jẹ́ kó dé Paris ní 2024.

Àwọn kan á ní ó ń gba àyè mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Mi ò gbà. Máàkì ni wọ́n ń fún wọn, fún bí ohun tó dáwọ́ lé ṣe le tó àti bó ṣe ṣe é mọ́ tó. Ọmọ tó bá fò jù ú lọ á gba ipò rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016, ẹni ọdún 41 ni Chusovitina, Simone Biles tó gba wúrà jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó lè bí i lọ́mọ. Ibẹ̀ ni Chusovitina ti dán òkìtì oníwájú méjì wò, èyí tó jẹ́ pé bí orí bá ṣi ibi tó yẹ kó wà, ọrùn lè ṣẹ́. Ó balẹ̀, ó yí gbirigbiri, ipò keje ló ṣe. Tí ẹ bá ní ọrùn rẹ̀ lẹ ń bẹ̀rù fún, mo wà pẹ̀lú yín. Ẹ̀rù ba èmi náà. Àmọ́ ẹni tó ní kó lọ jókòó níbi ìsọmọlórúkọ yẹn kò mẹ́nu ba ọrùn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára ni pé mo ti sọ irú rẹ̀ rí. Amọ̀kòkò ni màmá mi, ní Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò nílùú Ìlọrin níbí. Ìkòkò ni wọ́n fi rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílé ìwé. Nígbà tí gbogbo wa ríṣẹ́, a pé jọ, a ní kí wọ́n fi amọ̀ sílẹ̀, a ó máa fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti wà nídìí amọ̀. Mo bínú, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí aráyé máa bú wa ni. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Nígbà tí mò ń san owó ilé ìwé yín, ṣé ẹ̀yìn ò dùn mí nígbà náà ni?"

Mo yà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò kan, ọwọ́ òsì wà nínú, ọwọ́ ọ̀tún ń fi èkísà tútù dán ẹnu rẹ̀, wọn ò gbójú sókè títí tí wọ́n fi dán an yí ká. Mo ti gba fídíò náà sórí fóònù tèmi, mo fi hàn wọ́n, mo sì sọ iye ọdún obìnrin náà. Mo ń retí ohun tí wọ́n máa sọ nípa ọjọ́ orí. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ó ní òun ṣì ń wo Los Angeles, ní 2028, ìgbà tí yóò ti pé ẹni ọdún 53.

Wọ́n fi ìdí ọwọ́ nu ojú, kí amọ̀ má baà kàn án. Wọ́n ní: "Tún un gbé sí i kí n wò ó. Mi ò rí bó ṣe gbé ọwọ́ lé tábìlì yẹn dáadáa."