Ẹ̀yin ológun tó ti fẹ̀yìntì, PTAD kọ́ ló ń san owó yín

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ní Àkúrẹ́ báyìí, pé gbogbo ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, títí kan sójà àti nefi, gbọ́dọ̀ ṣe “I Am Alive” (ìjẹ́rìí lórí ayélujára pé èèyàn ṣì wà láàyè) ti PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó wọn á dúró. Ire ni ẹni tó fi ránṣẹ́ ní lọ́kàn, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa wà nínú ọkọ̀ ogun nígbà tí nefi kó sójà gúnlẹ̀ sí Bonny ní oṣù keje ọdún 1967. Wọn kì í sábà fòyà. Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ló mú wọn di ìwé iṣẹ́ ológun wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń wá kaféè tí wọ́n á lọ.

Yunifọ́ọ̀mù ló ń rú wa lójú. Ọlọ́pàá àti kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, èyí tí ìjọba nìkan ń san, wà lọ́dọ̀ PTAD lóòótọ́, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Sójà, nefi àti ológun òfurufú kò sí níbẹ̀. Military Pensions Board, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò, ló ń san tiwọn. Bí Board yìí bá pè wọ́n fún àyẹ̀wò, ìyẹn ni kí wọ́n jẹ́.

Ẹ lè wò ó fúnra yín: ẹ̀ka mẹ́rin ni PTAD kọ sórí ìkànnì rẹ̀, kò sí ti ológun níbẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí káàdì ìfẹ̀yìntì yín.

Àwọn olùkọ́ tó fẹ̀yìntì lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kò sí lọ́dọ̀ PTAD. Àkúrẹ́ níbí ni tiwọn.