Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Kí Ẹ Sì Buwọ́ Lù Ú

Wọ́n ní àwọn ti gba ọmọ tí kò lè rìn yẹn, tí ilé ìwé ẹ̀ lé lọ sílé, padà sí kíláàsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ti bá ìyá ẹ̀ ya fọ́tò, pírínsípà ní àìgbọ́ra-ẹni-yé ni, wọ́n sì ń retí kí gbogbo wa gbàgbé. Àwa ò tíì gbàgbé o.

Àìgbọ́ra-ẹni-yé wo? Ọmọ yege bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe yege, ó wọ JSS 1, kíláàsì wá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyá ẹ̀ ń pọ̀n ọ́n gòkè láràárọ̀, á tún sáré kúrò níbi tó ti ń tajà lọ́sàn-án wá pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ kó lè ráyè tọ̀, títí wọ́n fi ní kó lọ wá ilé ìwé tó lè gba "irú ẹ̀." JSS 3 wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Nínú gbogbo àgbà tó ń gbowó oṣù nínú ọgbà yẹn, kò sẹ́ni tó rò ó pé kí kíláàsì méjì pààrọ̀ yàrá?

Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ́yẹ sí àkàndá ẹ̀dá, January 2019 ni Buhari ti buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá rú u máa san ₦100,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ mílíọ̀nù kan ni. Òfin yẹn náà ló ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé sẹ́kọ́ńdìrì, ọdún márùn-ún tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láti tún àwọn ilé ìjọba ṣe kí wheelchair lè wọ̀ ọ́ ti pé láti January 2024.

Kí ló dé tí kò fi mú ẹnikẹ́ni? Torí pé ẹnu ni wọ́n fi ń lé ọmọ. Wọ́n á ní "Mọ́mì, ẹ jókòó," wọ́n á wá rọra máa ṣàlàyé pé tọmọ náà làwọn ń rò, pé tíṣà ò tó, pé àwọn òbí yòókù ń ráhùn, pé kí wọ́n ṣì padà wá ní tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, ìyá á sì dìde, á tún dúpẹ́. Tó bá wá dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé òun fẹ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní ìwé dà? Ìwé kankan ò sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ tiẹ̀ ní kí ìyá ọmọ yìí máa gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sanwó oṣù yín ni?

Ohun tá a ti ń sọ bọ̀ nìyí, ó ti ń sú àwa gan-an: ilé ìwé tí ò bá gba ọmọ, kó kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀gá ibẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kó buwọ́ lù ú, kí òbí gba ẹ̀dà kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀dà kejì lọ sí mínísírì. Ìwé ojú kan àti bírò, ẹ má sọ pé kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

A ò ní ó rọrùn fáwọn tíṣà. Ẹni tí ọmọ kún kíláàsì ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí wọn ò kọ́ lédè àwọn adití rí, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn tó máa kọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá láti 1977, mélòó nínú wọn nìjọba gbà síṣẹ́? Àmọ́ lẹ́tà yẹn gan-an ló máa gbè wọ́n. Tí pírínsípà bá ti kọ ọ́ pé òun ò ní tíṣà tó gbọ́ èdè adití, tòun ti bọ́ nìyẹn, ó ku ti ẹni tó yẹ kó gbé tíṣà wá.

September ni JSS 1 tuntun ń wọlé. Kí mínísírì kọ sákúlà tó pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kọ lẹ́tà yìí, kó sì ti dé ọwọ́ gbogbo ilé ìwé kó tó dìgbà yẹn, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà ẹni tó ń gbẹjọ́ mọ́ ẹnu géètì. Nọ́ńbà tí wọ́n máa gbé o.