Ìbàdàn sí Ìlọrin: ẹnu ọ̀nà ilé ni kí ẹ ti ka wákàtí

Láti pápákọ̀ òfurufú Alákìá n'Ìbàdàn sí ti Ìlọrin, bí ẹyẹ ṣe ń fò, nǹkan bíi 133 kìlómítà ni. Àmọ́ ẹni tó bá takú pé bàálù lòun máa wọ̀, tó sì gba Èkó, á kọ́kọ́ fò 113 kìlómítà sí gúúsù, á tún fi 244 padà sí àríwá. Ó di 357 nítorí ìrìn 133. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí ìjọba fowó ran iléeṣẹ́ bàálù kan lọ́wọ́, kó máa fò tààrà. Àwa ò fara mọ́ ọn.

Ìṣirò wọn gan-an ló kọ́kọ́ ṣìnà. Wọ́n á fi eré bàálù ńlá, 800 kìlómítà ní wákàtí kan, pín 133, wọ́n á ní ìṣẹ́jú 10 péré. Bàálù wo ló ń fò bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà kúkurú? ATR 72, irú èyí tó bá ọ̀nà yìí mu, ń sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí tó bá ti gòkè tán. Ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ lókè táá fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka rírìn nílẹ̀ lọ sí orí títì mọ́ ọn, ẹ ka kíkọjú sí afẹ́fẹ́ àti títò wọlé lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 40.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Mọ́kọ́lá sí Alákìá, ìṣẹ́jú 40, tí Ìwó Road ò bá dí. Wákàtí kan ní pápákọ̀, torí wọn kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ kó tó gba ìwé ìwọlé. 40 ti bàálù. 20 láti dúró gbẹ́rù, 20 mìíràn láti wọ ìgboro Ìlọrin. Wákàtí mẹ́ta gbáko! Mọ́tò tó gbéra ní Òjòó, tó gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, á rin bíi 160 kìlómítà; bí ọ̀nà bá dáa, wákàtí méjì ààbọ̀ ti tó, àfi tí àwọn ọlọ́pàá bá ní kí ẹ tú àpò.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí bàálù bá ń gòkè ló ń jó epo jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ bàálù, iye ìgbà tó gbéra tó sì balẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn: ìfò ìṣẹ́jú 25 jẹ́ ẹyọ kan, ti wákàtí mẹ́fà náà jẹ́ ẹyọ kan. Owó ìbalẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà kúrú. Nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lè pọ́ọ́kú, àyàfi tí ìjọba bá ń san ìyókù lóṣooṣù.

Èkó sí Ìlọrin yàtọ̀, ọ̀nà yẹn jìn tó kí bàálù lérè. Ti Ìbàdàn yìí, ojú títì ni kí owó náà lọ, pàápàá abala Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rélùwéè tuntun tó ń ti Èkó wá sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021, náà sì dúró sí Mọ́níyà, ó ti kọjú sí àríwá tán.

Ìjọba tó bá ṣì fẹ́ gbé ètò bàálù kúkurú jáde, kó kọ wákàtí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé sójú ìwé àkọ́kọ́, kó sì kọ ti mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.