Èsì fún oníbàárà wa láti Oǹdó: òótọ́ ni pé ètò wa gba ọ̀rọ̀ aṣínà òfìfo

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó. A rí ohun tí ẹ kọ nípa àkójọ fọ́ńṣọ̀n ìjẹ́rìísí LDAP tí ẹ rà lọ́wọ́ wa (LDAP ni ìlànà tí ètò fi ń bá sáfà tó ń tọ́jú orúkọ àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀), a sì rí i pé ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún lẹ fún wa. Ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ìwé yín tẹ orúkọ akápò sí ojú ìwọlé, kò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, ètò náà sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ ní nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, kò lọ kò bọ̀. Ẹ sì ní bí ẹ bá ti pe fọ́ńṣọ̀n ldap_unbind lẹ́ẹ̀kan péré, ètò náà á kú. Ẹ pè é ní ayédèrú ọjà. Níwọ̀n bí ẹ ti sọ ọ́ ní gbangba, tí àwọn mìíràn tó ra irú ọjà yìí sì ń kà á, gbangba náà ni a ó ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ti akápò ló wúwo jù, àwa la sì jẹ̀bi rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí a ka ọ̀rọ̀ yín, a kò dá ẹlòmíràn lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Alágbàká títí tí a fi dán an wò. A ṣètò sáfà kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàpèjúwe tiyín, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tẹ uid=akapo,ou=osise sí ààyè orúkọ, ó fi ààyè ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ lófìfo, ó tẹ Enter. Fọ́ńṣọ̀n ldap_simple_bind_s, tó ń gbé orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ bá sáfà, dá 0 padà, èyí tí í ṣe àmì àṣeyọrí. Ọmọ náà wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀. A wá fi ldap_whoami_s bi sáfà náà léèrè, lórí ìsopọ̀ kan náà, pé ta ni ó mọ̀ wá sí. Ìdáhùn náà dé láìní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú, ìtumọ̀ èyí sì ni pé kò mọ̀ wá sí ẹnikẹ́ni; aláìlórúkọ ni ó kà wá sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí a ti ṣìnà, nítorí kì í ṣe ètò tiwa nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Ìwé ìlànà LDAP tó ń jẹ́ RFC 4513, tó jáde ní 2006, ya bind (ìgbésẹ̀ tí ẹni tó ń wọlé fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́ fún sáfà) oníwọ̀nba tí wọ́n ń pè ní simple sí ọ̀nà mẹ́ta. Orúkọ lè ṣófo, kí ọ̀rọ̀ aṣínà náà ṣófo, ẹni náà kàn wọlé láìlórúkọ nìyẹn. Orúkọ lè wà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà ṣófo, sáfà lè kọ orúkọ náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́rìí sí i rárá. Ìgbà tí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà bá jọ wà nìkan ni ìjẹ́rìísí gidi wáyé. Bí sáfà bá gba irúfẹ́ kejì láyè, 0 náà ni yóò dá padà, gẹ́lẹ́ bí ó ti ń dá a padà fún irúfẹ́ kẹta. Ó dà bí ẹni tó dé ààfin Déjì, tó ní ọmọ ìjòyè kan ni òun, tí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí àgbàlá tí gbogbo ayé ń jókòó sí. Ètò wa rí i lágbàálá, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ yàrá inú lé e lọ́wọ́.

Ìwé náà kìlọ̀ fún ìhà méjèèjì. Ó ní kí sáfà máa fi nọ́ńbà 53, ìyẹn unwillingToPerform (kò fẹ́ ṣe é), lé irúfẹ́ kejì yìí padà àfi bí alámòójútó rẹ̀ bá gbà á láyè, ó sì ní kí àwa tí à ń kọ ètò má ṣe gba òfìfo lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Sáfà OpenLDAP tí a fi dán ọjà wò kí a tó tà á ń kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. 53 là ń rí lójoojúmọ́, ọkàn wa sì balẹ̀. Sáfà tiyín gbà á. Ohun tó yẹ kí àwa fúnra wa ṣe ni a fi sílẹ̀ fún sáfà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ akápò ilé ìwé náà.

Nínú ẹ̀yà tuntun, fọ́ńṣọ̀n wa ń wo gígùn ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó bá sáfà sọ̀rọ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ òdo, ó ti kọ̀ ọ́. Inú fọ́ńṣọ̀n gan-an ni a fi àyẹ̀wò yìí sí, kì í ṣe ojú ìwé tí ènìyàn ń tẹ orúkọ sí, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè fo ojú ìwé yẹn kọjá. A tún fi ldap_simple_bind_s sílẹ̀, ldap_sasl_bind ni a ń pè báyìí, pẹ̀lú LDAP_SASL_SIMPLE, èyí tó sọ fún un pé bind oníwọ̀nba náà ni a fẹ́. OpenLDAP fúnra rẹ̀ ti ka ti àtijọ́ sí ohun tí kò yẹ kí a máa lò mọ́, ṣùgbọ́n ìdí tiwa ju ìyẹn lọ. Ti àtijọ́ ń ka ọ̀rọ̀ aṣínà títí yóò fi kan báìtì òdo, èyí tó kà sí àmì òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi báìtì òdo ṣíwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ di òfìfo, ìṣòro kan náà sì tún wọlé láti ẹ̀yìn. Ti tuntun ń gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú iye gígùn rẹ̀, kò lè gé e kúrú.

Ní ti dídúró gbagidi, ẹ̀bi wa ni ìyẹn náà. Lẹ́tà s tó wà ní ìparí ldap_simple_bind_s ló fi hàn pé fọ́ńṣọ̀n náà yóò dúró de èsì kí ó tó jẹ́ kí ètò tẹ̀síwájú, a kò sì fún un ní gbèdéke. ldap_sasl_bind kò dúró. Ó fún wa ní nọ́ńbà iṣẹ́ tí a rán, a ó wá fi ldap_result béèrè èsì rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bí ldap_result bá dá 0 padà, àsìkò ti pé láìsí èsì, kì í ṣe àṣeyọrí. Ẹ fojú sí èyí bí ẹ bá ń ka kóòdù náà, nítorí 0 tibí yàtọ̀ sí 0 tọ̀hún. Nígbà tí àsìkò bá pé, a ń ti ìsopọ̀ náà pa pátápátá, torí pé LDAP kò gbà kí a fagi lé bind tó wà lẹ́nu ọ̀nà. A tún fi LDAP_OPT_NETWORK_TIMEOUT, ìyẹn gbèdéke fún ṣíṣí ìsopọ̀, sí i, nítorí ldap_initialize kì í kan sáfà lára. Fọ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ ni ó ń ṣí ìsopọ̀, ibẹ̀ sì ni tiyín ti há nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Ti ldap_unbind nìkan ni a kò lè gbà. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan ènìyàn. Kì í kàn yọ orúkọ ẹni kúrò. Ó ń ti ìsopọ̀ pa, ó sì ń da gbogbo ohun tó wà nínú LDAP* yẹn (ohun tí kóòdù fi ń di ìsopọ̀ náà mú) nù. Bí ẹ bá tún lo LDAP* kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ètò lè kú, ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ ti lè ra kóòdù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé lórí ìsopọ̀ kan náà, ẹ tún bind pè pẹ̀lú orúkọ tuntun, ó parí. Àṣìṣe tiwa ni pé ìwé ìlò tí a fún yín kò sọ ọ́, a sì ti kọ ọ́ sí i. Bákan náà ni nọ́ńbà 49, tí sáfà fi ń sọ pé ohun tí ẹni náà fi wọlé kò tọ̀nà: bóyá orúkọ ni kò sí, bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò tọ̀nà, ohun kan náà ni a ń fẹ́ kí ẹni tó ń wọlé rí, kí ẹni ibi má baà fi mọ orúkọ tó wà.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ kò kà sí ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹ ti yọ ìlà ldap_start_tls_s, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ TLS (ààbò tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kúrò nítorí pé ó ń yọ yín lẹ́nu. Ọ̀gá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà lónìí. Lórí pọ́ọ̀tì 389 láìsí TLS, bind oníwọ̀nba ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá ní ìhòòhò, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwé yín lè kà á lẹ́tà dé lẹ́tà. Nínú kóòdù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, nọ́ńbà IP ni ẹ fi ń pe sáfà, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Méjèèjì kò bára mu, òun ni TLS ṣe ń kọ̀. Ẹ fi orúkọ náà pè é, ẹ fi LDAP_OPT_X_TLS_CACERTFILE tọ́ka sí ìwé ẹ̀rí ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ìlà TLS sì ṣáájú bind, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

A ti dá gbogbo owó yín padà sí àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, ẹ̀yà tuntun náà sì ti wà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ọmọ tó tẹ Enter lọ́jọ́ yẹn yóò wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, a ó gba Òwénà wá bá yín ní Oǹdó láàárọ̀, kí a lè jọ dán an wò lójú akápò. Ẹ jọ̀ọ́, títí a ó fi dé, ẹ ní kí alámòójútó sáfà yín ti ọ̀nà irúfẹ́ kejì yẹn pa, kí ó sì wo àkọsílẹ̀ sáfà fún gbogbo ìgbà tí orúkọ akápò ti wọlé láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ètò náà.