Òróró ólífì kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ

Bí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ bá ti délẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ló máa ń gba orí WhatsApp kan: ẹ pa epo pupa tì, ẹ máa mu òróró ólífì ṣíbí kan láràárọ̀, jẹjẹrẹ ò ní lè tàn kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ó sì ń dùn mí, torí àwọn tí ara wọn ò yá ló máa ń gbà á gbọ́ jù.

Kò sí epo tó jẹ́ ọ̀rá kan ṣoṣo. Oríṣi ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú òróró ólífì ni èyí tí wọ́n ń pè ní oleic acid, ó sábà máa ń tó ìdá 70 nínú 100. Epo pupa náà ní in, bí ìdá 40. Òróró ẹ̀pà ní in, òrí ní in.

Lọ́dún 2025, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde. Wọ́n fi oríṣi oúnjẹ 12 bọ́ àwọn eku tí jẹjẹrẹ pancreas máa ń hù lára wọn. Pancreas ni ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe ínsúlínì. Agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ wọ̀nyí dọ́gba, ọ̀rá inú wọn ló yàtọ̀. Oúnjẹ tí oleic acid pọ̀ nínú rẹ̀ mú kí jẹjẹrẹ náà yára. Èyí tí wọ́n fi epo ẹja sè dá a dúró díẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì da òróró yín nù. Lọ́dún 2021, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Salvador Aznar Benitah àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, yẹ jẹjẹrẹ ẹnu àti ti awọ ara wò, lára eku bákan náà. Palmitic acid, oríṣi ọ̀rá míì tó pọ̀ dáadáa nínú epo pupa, ló mú kí jẹjẹrẹ wọ̀nyẹn tàn dé ibòmíì. Oleic acid ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí jẹjẹrẹ wà ló ń sọ ohun tí ọ̀rá máa ṣe. Eku sì kọ́ ni èèyàn.

Ní ti jẹjẹrẹ pancreas lára èèyàn, sìgá, ìsanra àpọ̀jù, àtọ̀gbẹ àti ọtí àmujù tó ń ba pancreas jẹ́ ló yẹ ká máa kìlọ̀ fúnra wa nípa wọn.

Ẹni tí jẹjẹrẹ pancreas ti mú ńkọ́? Omi tí pancreas fi ń da ọ̀rá lè má dé ìfun rẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa léfòó, á máa dán, á máa rùn, òun náà á sì máa rù. Ṣíbí òróró lórí ikùn òfìfo á tún dá kún un ni. Kóró oògùn kan wà tí wọ́n ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ, tó ń bá ara da ọ̀rá. Òun ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.